Ẹ Má Pa Á, Ó Ní Ẹni Tó Ń Dúró Dè É

Nínú yàrá ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà, ní ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí òtútù kì í ti í jẹ́ kí ènìyàn bọ́ súwẹ́tà, kọ̀ǹpútà mẹ́tàdínlógójì ló tò sórí pẹpẹ. Bàbá Wáyà mọ iṣẹ́ mẹ́rìndínlógójì nínú wọn bí abiyamọ ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan tó kù ni kò mọ̀.

Bàbá Wáyà kì í ṣe orúkọ àbísọ. Àwọn òṣìṣẹ́ òkè ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń so táì mọ́rùn wá síbi iṣẹ́, wáyà lòun máa ń fi kọ́rùn. Ó ti lo ọdún mọ́kànlá nínú yàrá yẹn. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rí ohun tí kò yé e kó gbójú kúrò lára rẹ̀. Bí ó bá rí wáyà tó wọ inú ògiri, oúnjẹ kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ títí yóò fi dé òdìkejì ògiri náà, kó rí ibi tó yọrí sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń ka ìwé ìròyìn. Ojú ìwé àkọ́kọ́ kì í dá a dúró. Ó gbà pé ìròyìn ńlá kò nílò òun: bí ènìyàn kò bá kà á, ayé á pariwo rẹ̀ sí i létí. Ìròyìn kékeré ló máa ń wá, àwọn onílà mẹ́ta tí wọ́n há sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ẹṣin kan sọnù, ó sì dá wá sílé lẹ́yìn oṣù méjì. Agogo ilé-ìwé kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó kọ̀ kò dákẹ́ fún wákàtí mẹ́fà. Ó máa ń fi sísọ́ọ̀sì gé wọn, á tọ́jú wọn sínú páálí bàtà kan. Ohun kan náà ló máa ń bi ara rẹ̀ bó bá ti gé wọn tán: ta ló tún ka èyí yàtọ̀ sí mi?

Kọ̀ǹpútà kẹtàdínlógójì wà ní igun, lábẹ́ pẹpẹ, ó sì dàgbà ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín amutábà. Wáyà méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan ń ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to ìwé ìròyìn bọ̀. Èkejì jẹ́ okùn tẹlifóònù àtijọ́, ó wọ inú ògiri lọ. Iná kékeré méjì ló wà níwájú rẹ̀. Èyí tó ní àwọ̀ ewé kì í kú. Èyí pupa máa ń sùn tọ̀sán-tòru, àfi bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ bá lù. Á wá máa ṣẹ́jú fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án gééré, á sì padà sùn. Bébà kan wà lórí rẹ̀, téèpù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ti gbó. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: Ẹ MÁ PA Á. Ó NÍ ẸNI TÓ Ń DÚRÓ DÈ É.

Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n ni. Ẹ̀gbọ́n ni Bàbá Wáyà máa ń pe ọkùnrin tó ni yàrá náà ṣáájú rẹ̀, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n tún wá dákẹ́ ju Bàbá Wáyà lọ. Àwọn méjèèjì lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kó jẹ́ pé “bá mi mú iná yẹn súnmọ́ ibí” nìkan ni ọ̀rọ̀ tó jáde. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Ẹ̀gbọ́n kú, ikú òjijì, ó sì mú ọ̀rọ̀ aṣínà ẹ̀rọ náà lọ. Bí Bàbá Wáyà bá so ojú kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ohun kan ṣoṣo tó ń rí ni ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń bèèrè ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti dán orúkọ ìyàwó Ẹ̀gbọ́n wò. Ó dán nọ́ńbà ilé rẹ̀ wò, ó dán ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn wò. Ẹ̀rọ náà kò dá a lóhùn.

Ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ ló máa ń gbé kọ́fí rẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀ bí aago mọ́kànlá bá ti ń lọ lù. Á wo iná pupa náà títí yóò fi ṣẹ́jú tán. Ta ló ń dúró dè é? Kí ni ó ń gbé fún un? Ó wù ú kó mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń lé e, èyí nìkan ṣoṣo ló sì fi sílẹ̀ fún ọ̀la, bí a ti ń fi ohun dídùn sílẹ̀.

Ọ̀la ti dé. Ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ kó lọ sí ilé tuntun lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀gá wọn, tí gbogbo wọn ń pè ní Màdáámù, obìnrin kan tó máa ń rìn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, sọ̀kalẹ̀ wá sí yàrá ẹ̀rọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé pẹ̀lú bébà onírúurú àwọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó bá ń bá wọn lọ, bébà aláwọ̀ ewé. Èyí tí àwọn tó ń ra irin àtijọ́ máa wá kó lọ́jọ́ Ẹtì, bébà pupa, kí Bàbá Wáyà sì fọwọ́ sí i pé kò níṣẹ́ mọ́. Nígbà tí wọ́n yí gbogbo rẹ̀ ká tán, ọ̀kan ṣoṣo ni kò ní bébà lára.

Màdáámù bèèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Bàbá Wáyà ní òun kò mọ̀. Màdáámù wò ó, ó ní ṣé lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Obìnrin náà kò jágbe mọ́ ọn. Ó kàn ṣàlàyé fún un pé kò sí irú okùn tẹlifóònù bẹ́ẹ̀ nínú yàrá kankan ní ilé tuntun, àti pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò lè gba àyè lọ́wọ́ ohun tí a mọ̀.

“Ẹ̀yin náà kúkú lẹ ni ìdánwò ariwo,” ló wá sọ. “Ẹ yọ okùn rẹ̀, ká wo ẹni tó máa ké.”

Òótọ́ ni. Ìdánwò ariwo jẹ́ àṣà àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ. Bí o bá bèèrè títí tí o kò mọ ẹni tó ni ohun kan, yọ okùn rẹ̀, kí o sì dúró. Ẹni tó ni ín á sáré wá. Bàbá Wáyà ti ṣe é tó ìgbà ogún, kò sì já a kulẹ̀ rí. Nígbà kan, ó yọ okùn kan báyìí, kó tó ka ení dé ẹ̀rin, akọ̀wé owó ti wà lórí àtẹ̀gùn, bàtà ẹsẹ̀ kan, ṣíbí lọ́wọ́, ó ń bèèrè ẹni tó fẹ́ pa òun. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín fún odidi ọdún. Àwọn àgbà ló sì ti fi òǹtẹ̀ lu àṣà náà kí kọ̀ǹpútà tó dáyé: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Síbẹ̀, Bàbá Wáyà kọ́kọ́ lọ bèèrè ọ̀nà, kí ó má baà ṣìnà. Olóòtú ní kó lọ bi àwọn tó ń kọ ìròyìn eré ìdárayá. Àwọn yẹn ní ṣebí ti àwọn onípolówó ọjà ni. Àwọn onípolówó ọjà ní àwọn rò pé ti olóòtú ni. Ó pe ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù láti mọ ibi tí okùn inú ògiri yẹn ń lọ. Wọ́n ní kó dúró díẹ̀, wọ́n sì fi orin sí i létí. Ó dúró títí ó fi mọ orin náà kọ.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mọ́kànlá lù, ó kúnlẹ̀, ó sì yọ okùn tẹlifóònù náà kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ.

Aago lù. Iná pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kọjá, kò sùn. Ó ṣẹ́jú, ó sinmi díẹ̀, ó tún ṣẹ́jú. Títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé kan tó dá a lójú pé ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò ké. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá Wáyà fi ìlẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ sílẹ̀ gbayawu kó baà lè gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹni kan ṣoṣo tó sọ̀kalẹ̀ wá ni obìnrin tó ń gbálẹ̀. Bàbá Wáyà bi í bóyá ohunkóhun dáwọ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀ láti àná. Obìnrin náà rò ó díẹ̀, ó ní orúnkún òun ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti wọ́ọ̀dù dé, ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ó ń tú okùn bàtà funfun rẹ̀. Bàbá Wáyà kì í sọ ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ nílé. Nítorí náà, obìnrin náà dá ọwọ́ dúró lára okùn bàtà, ó sì gbọ́ ọ dé òpin.

“Láti ọjọ́ Ajé, kò sí ẹni tó ké?”

“Kò sí.”

“Ní wọ́ọ̀dù tiwa, ọkọ mi, ẹni tó ń ké kọ́ là ń bẹ̀rù fún. Ẹni tó bá ń ké ṣì lágbára. Ẹni tó dákẹ́ ní bẹ́ẹ̀dì igun, òun la máa ń sáré lọ wò.”

Bàbá Wáyà ní ẹ̀rọ kì í ṣe aláìsàn.

“Èmi ò sọ pé ẹ̀rọ ni,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì bọ́ bàtà kejì.

Ọ̀rọ̀ náà bá a wọlé sùn, ó bá a jí. Ṣùgbọ́n kí ni yóò fi ṣe? Kò sí bẹ́ẹ̀dì igun kankan tó lè sáré lọ wò. Okùn kan ló wà, ó wọ inú ògiri, kò sì mọ òdìkejì ògiri náà. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Màdáámù sọ̀kalẹ̀ wá, ó ní ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ lọ́la, òun fẹ́ ìwé náà lọ́wọ́ òun kí aago mẹ́rin tó lù. Bàbá Wáyà wo iná pupa tó ń ṣẹ́jú. Ó rò ó pé bóyá ẹni tó ń dúró dè é ti kú bí Ẹ̀gbọ́n. Ó rò ó pé bóyá onítọ̀hún ti ra fóònù tuntun, ó sì ti gbàgbé. Ó mú kálámù. Ibi tí a ti kọ ọ́ pé “Mo jẹ́rìí pé ẹ̀rọ yìí kò níṣẹ́ mọ́,” ó fọwọ́ sí i. Ó pa ẹ̀rọ náà. Iná méjèèjì kú, yàrá náà sì dà bíi pé ó fẹ̀ sí i, lọ́nà tí kò dùn mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, àwọn tó ń ra irin àtijọ́ ti kó àwọn ẹ̀rọ onípupa jáde tán, nígbà tí fóònù yàrá ẹ̀rọ dún. Sájẹ́ǹtì ni, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun tí kò ṣe ológun rí, ṣùgbọ́n tó máa ń kí gbogbo ọkọ̀ tó wọlé bí ẹni ń kí ọ̀gágun.

“Bàbá Wáyà, ẹ bọ́ síta. Àlejò kan wà lọ́dọ̀ mi. Ó ní ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ lòun ń wá. Ó tún ní òun fẹ́ mọ ẹni tó kú nínú wa.”

Nínú ilé kékeré Sájẹ́ǹtì, obìnrin àgbàlagbà kan jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, ọ̀pá funfun wà láàárín orúnkún rẹ̀. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò wo ibì kankan. Bàbá Wáyà kí i. Obìnrin náà yí etí sí i dípò ojú.

“Ìwọ ló ń tọ́jú ẹ̀rọ? Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà?”

“Àlàáfíà ni, Mà.”

“Kò sí ẹni tí ohunkóhun ṣe?”

“Kò sí, Mà.”

“Mo dúpẹ́. Ọkàn wa kò balẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Kí ló wá ṣe ìwé ìròyìn wa?”

Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí olùkọ́ ṣe ń ṣe ìṣirò lójú pátákó, ó to ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní ìṣirò kí ojú rẹ̀ tó lọ, nítorí náà Tíṣà ni wọ́n ń pè é nílé tó ń gbé báyìí. Àwọn mọ́kàndínlógún ló wà nílé náà, kò sí èyí tó ríran nínú wọn. Ẹ̀rọ kan wà ní pálọ̀ wọn tó máa ń lu bébà tó nípọn ní àmì tó-tò-tó, irú èyí tí afọ́jú ń fi ọmọ ìka kà. Ọdún mẹ́tàdínlógún rèé, láti ọjọ́ Ajé dé Ẹtì, bí aago mọ́kànlá bá ti lù, ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lu kọ́-kọ́-kọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ìwé ìròyìn ọjọ́ náà á jáde. Wọ́n á ti tò yí i ká kó tó parí. Wọ́n á pín in lójú ìwé lójú ìwé, oníkálukú á lọ jókòó síbi tirẹ̀, ilé á pa rọ́rọ́.

“Àwọn onílà mẹ́ta ìsàlẹ̀ lèmi máa ń kọ́kọ́ mú,” ni Tíṣà wí. “Kò sí ẹni tó ń bá mi dù ú.”

Bàbá Wáyà rí i pé ọwọ́ òun ti di wáyà ọrùn òun mú.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀rọ náà kò dún. Wọ́n jókòó tì í títí di ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà kan wà láàárín wọn, ó ní kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ láyé lọ́jọ́ náà ni, kí wọ́n dúpẹ́. Ẹnì kan ní rárá, ohun tó ṣẹlẹ̀ ló tóbi kọjá ohun tí a lè kọ. Ẹlòmíràn ní àwọn akọ̀wé ló daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, káfíńtà ti ń bínú: ó ní ayé ń sinmi, kí wọ́n fi ayé sílẹ̀ kó sinmi.

Bàbá Wáyà bèèrè bóyá wọn kò ní rédíò.

“A ní mẹ́rin. Rédíò ń sọ̀rọ̀ nígbà tó bá wù ú. Ìwé ń dúró dè mí.”

“Ẹ ò bá ti pè wá, Mà.”

“A pè. Ọ̀gbẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ náà wá fún wa fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní bó bá dákẹ́ lọ́jọ́ kan, ká pe òun, òun á gbọ́. Láti ọjọ́ Ajé la ti ń pè é. Obìnrin inú fóònù ń sọ fún wa pé kò sí nọ́ńbà náà mọ́. A ò gbà á gbọ́, a tún ń pè. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìgbà mọ́kànlélógójì.”

Bàbá Wáyà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀.

“Ó ti ṣaláìsí, Mà. Ó pé ọdún mẹ́ta.”

Tíṣà fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí ọ̀pá rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì.

“Ojoojúmọ́ ni mò ń ka ìwé yín,” ló wí níkẹyìn. “Mi ò rí i níbẹ̀.”

“Wọn ò gbé e, Mà.”

“Ẹni tó ń gbé ìròyìn ayé wá bá wa. Wọn ò gbé tirẹ̀.”

Níbi tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá yé Bàbá Wáyà. Wọ́n ké. Ìgbà mọ́kànlélógójì ni wọ́n ké. Inú fóònù òkú ni igbe náà ń bọ́ sí, nígbà tí òun ṣí ìlẹ̀kùn, tó dẹ etí sí àtẹ̀gùn. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún obìnrin náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù dún nínú ọgbà.

Láti ọdún mọ́kànlá, kò sí ẹni tó rí Bàbá Wáyà kó sáré rí. Ó sáré. Ó dúró síwájú ọkọ̀ náà, ó na ọwọ́ méjèèjì. Awakọ̀ yọrí jáde, ó ní bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni. Bàbá Wáyà ní ẹ̀rọ kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ wọn tó gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Awakọ̀ fi ìwé hàn án, ó ní bébà pupa ni, ọwọ́ rẹ̀ sì rèé nídìí rẹ̀.

“Ọwọ́ mi ni,” ni Bàbá Wáyà wí. “Ọwọ́ mi ló ṣì í.”

Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń yọjú lójú fèrèsé. Màdáámù jáde wá, ìrìn rẹ̀ kò yí padà. Bàbá Wáyà mọ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé lónìí tó sì kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ lọ́la, ilé tuntun lè má ní àyè fún òun náà. Ó ti ro ọ̀rọ̀ púpọ̀ tó lè sọ. Èyí tó kúrú jù ló mú.

“Màdáámù, mo fọwọ́ sí irọ́. Mi ò mọ̀, mo sì kọ ọ́ pé mo mọ̀. Àwọn ènìyàn ń dúró dè é.”

“Ta ni wọ́n?”

Bàbá Wáyà nawọ́ sí ẹnu géètì. Tíṣà ti dìde, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sájẹ́ǹtì, ó kọ etí sí wọn. Bàbá Wáyà sọ iye tí wọ́n jẹ́ fún Màdáámù, ó sọ iye ọdún. Ó sọ fún un pé wọ́n ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Màdáámù wo ẹnu géètì. “Nínú ilé yìí,” ló wí, “àwọn tó ń kà wá dé ìsàlẹ̀ kò tó mọ́kàndínlógún.” Ó yíjú sí awakọ̀, ó ní kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó wá yíjú sí Bàbá Wáyà. “Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún yín. Kò sí okùn rẹ̀ nínú yàrá kankan nílé tuntun. Ibo lẹ fẹ́ gbé e sí?”

Bàbá Wáyà ti ń ṣírò bí wọ́n ṣe ń la ògiri nígbà tí Sájẹ́ǹtì wúkọ́.

Sájẹ́ǹtì ní òun ti lọ wo ilé ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n kọ́ fún òun ní ẹnu géètì ibẹ̀, nítorí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó ní wọ́n fi tẹlifóònù olókùn kan síbẹ̀, ti àtijọ́, tí wọ́n lè fi pe àwọn panápaná.

“Àyè wà lábẹ́ àga mi,” ló wí, “bí kò bá ti ní máa jẹun.”

Ẹ̀rọ mẹ́sàn-án ló wà lórí rẹ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n kó wọn kúrò níkọ̀ọ̀kan. Bàbá Wáyà fúnra rẹ̀ ló gbé e padà sí yàrá ẹ̀rọ, Tíṣà tẹ̀ lé e, ọwọ́ rẹ̀ lórí wáyà tó wà lọ́rùn ọkùnrin náà bí ẹni di okùn ìgbàlà mú. Ó fi okùn méjèèjì sí i, ó tàn án. Àwọ̀ ewé tàn. Ó pẹ́ díẹ̀, pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wá a kàn. Ó fọwọ́ tọ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

“Ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ,” ló wí.

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kọjá, iná náà kò sùn. Bàbá Wáyà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó di ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta kí iná náà tó sùn. Ó wá ka ọjọ́ lórí ìka: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Mẹ́sàn-án lọ́nà márùn-ún. Ẹ̀rọ náà kò sọ ìwé ọjọ́ kankan nù. Gbogbo ìgbà tó ń kanlẹ̀kùn, ṣe ló gbé ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, Bàbá Wáyà gòkè lọ bá olóòtú. Kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ olóòtú rí. Ó ní òun fẹ́ ìlà mẹ́ta ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan lọ́jọ́ Ajé, ojú ìwé yòówù kó jẹ́. Olóòtú gba bébà ọwọ́ rẹ̀, ó kà á, ó ní ọkùnrin yìí ti kú láti ọdún mẹ́ta. Ìròyìn kọ́ nìyẹn mọ́.

“Ó ku àwọn tí kò tíì gbọ́,” ni Bàbá Wáyà wí.

Lọ́jọ́ Ajé, nínú ilé ẹ̀ṣọ́ ilé tuntun, ẹ̀rọ náà ti wà lábẹ́ àga Sájẹ́ǹtì. Bébà Ẹ̀gbọ́n ṣì wà lórí rẹ̀. Bàbá Wáyà kò ní ọkàn àti yọ ọ́. Ó kàn lẹ òmíràn sí abẹ́ rẹ̀, ó sì kọ gbogbo ohun tí Ẹ̀gbọ́n kò kọ síbẹ̀: iṣẹ́ tó ń ṣe, wákàtí tó ń ṣe é, ilé tó ń rán an sí àti nọ́ńbà wọn. Ó kọ nọ́ńbà tirẹ̀, ó kọ ti Sájẹ́ǹtì, ó sì lọ gba ti Màdáámù náà, nítorí pé ẹnì kan lè kú. Aago mọ́kànlá lù. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ àga títí iná pupa fi ṣẹ́jú tán. Sájẹ́ǹtì kí i bó ṣe ń kí àwọn ọkọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ara Bàbá Wáyà kò gbà á mọ́. Ó pe ilé náà. Tíṣà ló gbé e.

“Ìwé àná dé, Mà?”

“Ó dé. Ó wà lórí tábìlì.”

“Ẹ ti kà á?”

“Rárá o. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá là ń kà: a fi òpin ọ̀sẹ̀ tò ó, àná la bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ṣì wà. Káfíńtà ní a ò lè fo ọjọ́ kankan. Ó ti gbà pé ayé ò sinmi, ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe ṣẹlẹ̀ tẹ̀léra lòun fẹ́ gbọ́ ọ.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Má sọ ohunkóhun tó wà níwájú fún wa.”

Bàbá Wáyà ṣèlérí. Ìlérí náà kò nira fún un.

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ṣí páálí bàtà rẹ̀, ó sì fi ìlà mẹ́ta Ẹ̀gbọ́n tó gé nínú ìwé àná lé orí ẹṣin tó dá wá sílé. Ó bi ara rẹ̀ bó ṣe máa ń bi í: ta ló tún ka èyí yàtọ̀ sí mi? Ó ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ka ọjọ́ kan lójúmọ́, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n bá kan án, mọ́kàndínlógún.